Ọ̀já Kẹrin Ti Wọlé, Bàbá

Yéè, Bàbá mi! Ó mà dìgbà o! Ó dìgbà, bàbá tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ó dìgbà, arẹwà ọkùnrin tó ń nu díńgí ọkọ̀ kó tó nu ojú ara rẹ̀. Àga yín ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ní àràárọ̀ ni mo ń gbálẹ̀ dé ibẹ̀, màá sì ti kúnlẹ̀ tán kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mò ń kí.

Wọ́n ní kí tọmọtaya ilé kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ọkọ mi ní òun yóò bá mi kọ tèmi, nítorí ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé. Mo ní rárá, ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ ọ́. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ bá ṣì ní ibì kan, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi fojú fò ó. Bàbá tí mò ń kọ ọ́ sí kò ní torí ìyẹn bínú. Ohùn mi ló máa ń fẹ́ gbọ́.

Ohun kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ sọ. Orúkọ Bàbá wà níwájú ìwé yìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, ó sì dára láti wò. Àwọn tó lẹ́nu àtipè é ti pè é. Ẹnu tèmi kò tó o. Nílé wa níbí, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún olúkúlùkù wọn. Kò pẹ́ tí mo dé tí mo fi sọ gbogbo ilé lórúkọ. Àbúrò ọkọ mi tó ga ni mo ń pè ní Òpó-Ilé. Èyí tó pupa ni mo ń pè ní Ìbẹ́pẹ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, Bàbá. Ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti ń pè yín ní Ajínukọ̀ kí n tó dé, nítorí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ lẹ ń nù. Èmi kò rí tèmi sọ. Kì í ṣe pé mi ò ní orúkọ fún yín. Ojú ló ń tì mí. Mo ṣèlérí fún yín pé ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ọkọ̀ yín bá parí. Ẹ wá lọ kí ó tó parí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ nìyẹn, òun ló sì mú mi jókòó ti ìwé yìí. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé yín wọlẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ orúkọ yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo dé. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó iṣu ni wọ́n fi gbé mi láti Komu wá sí Ṣakí. Eruku pupa ti bo aṣọ òfì tí ìyá mi ró fún mi. Àwọn ìyàwó ilé ń kọrin, èmi ń wúkọ́ lábẹ́ ìbòjú. Nígbà tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi tán lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá dúró níwájú mi. Mi ò gbójú sókè. Bàtà yín nìkan ni mo rí, tí ó ń dán tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀. Má bínú sí mi. Ìyàwó gbogbo ìlú yìí ni mo fi ọkọ̀ mi gbé, ìyàwó ọmọ mi ló wá gun ọkọ̀ iṣu." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ọkọ̀ Faransé onílẹ̀kùn mẹ́rin, aláwọ̀ wàrà, tí ìdí rẹ̀ rọra tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹyẹlé. Wọ́n ní nígbà ayé rẹ̀, kò sí ìyàwó tó níyì ní Ṣakí tí kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé ìyàwó, ẹ ó máa fi kó èrò lọ sí Ìṣẹ́yìn, títí dé Ìbàdàn. Ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ ní ọ̀ṣọ́ díẹ̀díẹ̀. Òkúta ojú ọ̀nà Ofiki já èyí, ẹ̀ka igi fa tọ̀hún ya, ìyókù ń jẹrà lọ fúnra rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ yín ní kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ẹ ní ẹ kì í gbé ìyàwó jáde kí ó má de ọ̀já. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ máńgòrò. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ ó ṣáná sí i, yóò dún, ẹ ó gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ gbé lé e lórí, nítorí etí yín ti wúwo láti inú ariwo ẹ́ńjìnnì ọdún pípẹ́. Ẹ ó sì tún pa á.

Ọkọ mi sọ fún mi pé òun bẹ̀ yín kí ẹ fi gbé mi wá láti Komu. Ẹ ní, "Pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ìhòòhò yẹn? Kí ìyá ìyàwó máa wò mí bí ẹni tó gbàgbé ṣòkòtò sílé?" Ọkọ̀ iṣu ló tẹ́ yín lọ́rùn ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹ ó dá ọ̀ṣọ́ gbogbo padà sára rẹ̀, ẹ ó sì fúnra yín wa ọkọ̀ náà lọ sí Komu, èmi ní ẹ̀yìn, láti lọ gbé ìyá mi wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ nílé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́, ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń pe ara ọkọ̀. Díńgí méjèèjì tó wà níwájú, yẹtí ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú ẹ́ńjìnnì, eyín ni. Ìdérí tó ń dán láàrin táyà, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ni. Irin gígùn tó ń dán, tí ó sá lọ gbọọrọ lára ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀já ni. Èyí kó ìyá ọkọ mi nínú bí. "Ẹ gbọ́ o," ni Ìyá máa ń wí, "ó ra yẹtí tuntun fún ọkọ̀! Èmi tí mo bímọ fún un, yẹtí tí wọ́n fi sin mí wá sílé ọkọ ló ṣì wà létí mi." Bàbá á ní òun kò gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan yẹtí, kò sí bí ènìyàn ṣe lè pariwo tó tí Bàbá yóò gbọ́.

Yẹtí, eyín, ẹ̀gbà ẹsẹ̀, gbogbo wọn ti wà lára ọkọ̀ kí n tó dé. Ọ̀já mẹ́rin ló kù, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tó ń ṣòwò kọjá ẹnubodè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ló bá Bàbá rí wọn, lára irú ọkọ̀ kan náà tí wọ́n ti tú ká. Ó wé wọn mọ́ inú ẹní, ó gbé wọn wọlé bí ẹni gbé òkú ejò. Ẹ tú ẹní náà, Bàbá. Ẹ kàn ń fi ìka tọ́ wọn láti orí dé ìdí.

Iṣẹ́ ọ̀já kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹ ti yọ àwọn ìkọ́ àtijọ́ tó ti dípẹtà kúrò nínú ihò ara ilẹ̀kùn, ẹ ti fi ọ̀dà kun inú ihò kọ̀ọ̀kan kí ìpẹtà má bàa padà. Ẹ ta okùn tín-ínrín láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn kí ọ̀já má bàa wọ́. Ó wá ku ẹni tí yóò di ìdí ọ̀já mú. Ọkọ mi ti lọ sóko. Ìyá ń dáná. Ẹ wò yíká, ẹ rí mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. "Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi dì í mú."

Ẹ̀rù bà mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń kí yín, ilẹ̀ ni mo ń wò, ohùn mi kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo wá dúró ní ìdí ọ̀já, ẹ̀yin wà ní orí rẹ̀, a kọjú sí ara wa. Ẹ ṣàlàyé fún mi. Ẹ ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti iwájú wá, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìkọ́ ẹ̀yìn ọ̀já bá ti wọ inú ihò rẹ̀, yóò dún "kọ́." Etí yín kò lè gbọ́ kọ́ yẹn mọ́. Bí ẹ bá sì tẹ ìkọ́ tó ti wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀já yóò tẹ̀, ó di yẹ̀yẹ́. "Nítorí náà etí rẹ ni màá lò," ni ẹ wí. "Bó bá ti wọlé, kí o sọ pé ó ti wọ̀."

Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó dún kọ́. Mo ní, "Ó ti wọ̀, Bàbá." Ẹ ní, "Kí lo wí?" Mo tún un wí. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọ̀já lò ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí èmi?" Mo ti fẹ́ sunkún. Ẹ sì ti gbé ọwọ́ sókè láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i pé bí mi ò bá ṣe nǹkan, ọ̀já yóò tẹ̀ lójú mi. Mo la ẹnu, mo ké, "Ó TI WỌ̀, BÀBÁ!" Adìyẹ fò kúrò lórí odó. Ìyá jáde láti inú ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ènìyàn wà nínú ilé yìí o!"

Ìyáálé mi kò jẹ́ kí n gbádùn lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ wá gbọ́ o! Ìyàwó tí kò lè kí wa kó jáde lẹ́nu, bàbá ọkọ ló ń pariwo mọ́! Ìyàwó Komu, lọ́la ńkọ́, ṣé wàá nà án ni?" Mo sá wọ yàrá. Ẹ ránṣẹ́ pè mí padà. Ẹ sọ fún un pé, "Bó ṣe ìwọ ni mo ní kí o wá dì í mú, wàá ti sọ ìtàn ilé bàbá rẹ tán kí ìkọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé." A sì parí ọ̀já kìn-ín-ní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nílé ọkọ. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti pariwo mọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé, kí ló tún kù tó lè bà á lẹ́rù? Mo lọ sọ́jà, mo ná ọjà. Mo kí àwọn àgbà, wọ́n gbọ́ mi. Ọkọ mi ní òun rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ìyàwó òun.

A fi ọ̀já kejì sí i, a fi ẹ̀kẹta sí i. Ẹ kì í kánjú. Ọ̀kan ní àkókò kan, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi wò ó tẹ́rùn. Bí a bá ń ṣe é, ẹ ó máa bi mí léèrè nípa Komu, nípa ìyá mi, nípa oko àgbàdo wa. Ní ọjọ́ ọ̀já kẹta ni ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn. "Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ilé lo ti sọ lórúkọ. Kí lò ń pe èmi?"

Mo ní, "Bàbá ni, sà."

"Bàbá ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ewúrẹ́ ilé yìí pàápàá, bó bá lẹ́nu ọ̀rọ̀, Bàbá ni yóò pè mí. Tìrẹ dà?"

"Ó wà nínú mi, Bàbá."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí ọ̀já kẹrin bá wọlé, ẹ ó gbọ́ ọ."

Ẹ mi orí. Ẹ ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí o pariwo rẹ̀ o. O mọ bí etí mi ṣe rí."

Ọ̀já kẹrin, ti ilẹ̀kùn ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ń jókòó sí, ni ọ̀dà títì ti lẹ̀ mọ́ lára. Ẹ dà kẹrosíìnì sínú àwo gígùn, ẹ tẹ́ ọ̀já náà sínú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí ọ̀dà náà lè rọ̀, ẹ sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni. Ìyá ọkọ mi sì wà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà, ó ń fọ gbogbo ìkòkò ilé de ọdún. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ìkòkò án fọ̀ tó Ìyá. Bó bá fi kànhìnkànhìn àti iyanrìn bo ìkòkò eléèédú mọ́lẹ̀, funfun ni yóò bá a dìde. Ó rí ọ̀já tó dúdú nínú àwo. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní kí òun ṣe ọkọ òun lóore.

Nígbà tí ẹ dé, Ìyá gbé e wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ọmọ tuntun. "Ẹ wá wo fífọ̀! Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ mọ nǹkan án fọ̀ nílé yìí."

Ọ̀dà ti lọ lóòótọ́. Dídán náà sì ti bá a lọ. Ibi gbogbo họ yánnayànna, idẹ pupa ti ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, Bàbá, ẹ kò wá àga.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ṣé kí ó dọ̀tí ló dára ni?"

"Obìnrin yìí, o ti fọ̀ ọ́ dé egungun!"

Ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́ títí oúnjẹ alẹ́ fi dé. Èmi ni mo gbé oúnjẹ síwájú yín. Ẹ fi òkèlè kan ọbẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ wá kọjú sí ibi tí Ìyá wà. "Ọbẹ̀ yìí dùn o. Ṣé o kò bu iyanrìn sí i?" Ìyá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdí aṣọ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ló tú u fó. Ìjà parí. Ẹ fi aṣọ wé ọ̀já náà, ẹ fi í kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn yín. Ìyá ní kí ni ẹ fẹ́ fi í ṣe. Ẹ ní ẹ̀rí ni, lọ́jọ́ tó bá tún dárúkọ yẹtí, ẹ ó tú u wò.

Ẹ ránṣẹ́ sí obìnrin oníṣòwò yẹn pé kó bá yín wá òmíràn. Ó lọ, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ìjọba ti ti ẹnubodè pa. Ó ní, "Bàbá, sójà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹyẹ nìkan ló ń kọjá." Ẹ ní, "Ẹyẹ náà kò lè bá ni gbé irin kékeré kan?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti ọ̀nà ibẹ̀ dé, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi í ni bóyá wọ́n ti ṣí i. Òjò rọ̀, òjò dá. A kórè iṣu. Wọn kò ṣí i.

Èmi bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi èyí tí Ìyá fọ̀ sí i." Ẹ ní rárá. Ẹ ní ẹ ó gbé mi lọ sí Komu pẹ̀lú ọ̀já mẹ́rin tó ń dán, ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ iṣu yẹn kúrò ní ojú ìyá mi pátápátá.

Ọyẹ́ dé, ó mú ikọ́ wá fún yín. Ẹ ní kò ṣe nǹkan kan, eruku ni. Ẹ dẹ́kun àtijáde. Èmi ni mo wá ń nu ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó máa wò mí láti ojú fèrèsé, ẹ ó nawọ́ sí ibi tí mo bá fò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún yín. Ẹ mu díẹ̀. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀já mélòó?"

Mo pariwo, "Mẹ́ta ni, Bàbá."

"Ó ku ẹyọ kan. Tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ yẹn fún mi o."

Mo ní mò ń tọ́jú rẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi gan-an ní wákàtí yẹn. Mo rò pé ọ̀la wà.

Bàbá, lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn ọmọ yín jókòó láti sọ irú ọkọ̀ tí yóò ṣíwájú òkú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí wọ́n háyà ọkọ̀ tuntun láti Ìṣẹ́yìn. Ọkọ mi ní kí ọkọ̀ Bàbá máa bọ̀ lẹ́yìn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Pẹ̀lú ilẹ̀kùn ìhòòhò? Ṣé o ò mọ Bàbá ni? Yóò jí dìde." Òótọ́ ni.

Ìyá ọkọ mi wà ní ìyẹ̀wù, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. A gbọ́ tí ó ń fa àpótí. Ó jáde pẹ̀lú ọ̀já tí aṣọ wé lọ́wọ́. Ó ti gun orí àpótí, ó ti já a kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀. "Èyí ni kí ẹ fi sí i. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Bó bá rí i níbi tó wà, kí ó máa bá mi jà bọ̀, ó ti pẹ́ jù tí ilé ti dákẹ́."

A jáde sábẹ́ máńgòrò. Ọkọ mi dúró níbi tí ẹ máa ń dúró sí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi kí n tó lọ dúró sí ìdí ọ̀já. Òun ta okùn, èmi dì í mú. Ó wá fi ọwọ́ wá òòlù nínú àpótí irinṣẹ́ yín. Ìyá ké mọ́ ọn, "Àtẹ́lẹwọ́! Báwo ni òòlù ṣe débẹ̀? Àtẹ́lẹwọ́ ni bàbá rẹ ń lò!" Ó ju òòlù sílẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bàbá, ọwọ́ yín ni ọkọ mi jogún. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún kọ́. Etí ọkọ mi dá ṣáká, ó gbọ́ ọ, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti wí nǹkan kan. Mo ṣáà wí i. "Ó ti wọ̀, Bàbá." Ohùn mi ti padà di ti ẹ̀fọn. Mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́. Ìyáálé mi, tí ó máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Pariwo dáadáa, ìyàwó. Ibi tó wà ti jìn."

Mo pariwo. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé, mo ń pariwo rẹ̀, títí àwọn aládùúgbò fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìkọ́ ìkẹyìn wọlé. Ilẹ̀kùn yín de ọ̀já. Mẹ́ta ń dán, ìkẹrin họ yánnayànna láti orí dé ìdí, idẹ pupa ń yọjú lára rẹ̀. Mo lọ dúró lókèèrè wò ó bí ẹ ṣe máa ń wò ó. Ó dára, Bàbá. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni ojú mi ń lọ sí. Ìyá tẹjú mọ́ ọn títí, ó fi ọwọ́ kan yẹtí etí rẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo dárúkọ yẹtí o."

Nítorí náà, ẹ má ṣe jí dìde. Lọ́jọ́ tí ẹ ó wọlẹ̀, ọkọ̀ yín ni yóò ṣíwájú yín, tòun ti yẹtí, tòun ti eyín, tòun ti ọ̀já mẹ́rin. Ọkọ mi ni yóò wà á. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, ọkọ̀ náà yóò gba ọ̀nà Komu lọ láti lọ gbé ìyá mi wá, bí ẹ ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹ ó ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin mọ ohun tí mò ń sọ, Bàbá. N kò tíì sọ fún ẹlòmíràn ju ọkọ mi lọ, ó wá di pé inú ìwé ni mo ti ń sọ ọ́. Ojú ṣì ń tì mí díẹ̀.

Ó wá ku ìlérí mi. Ọ̀já kẹrin ti wọlé. Orúkọ tí mo sọ yín láti ọjọ́ ọ̀já kìn-ín-ní, tí mo gbé sínú tí ojú kò jẹ́ kí n pè, òun nìyí. Mo ti pè é sókè lábẹ́ máńgòrò, mo sì kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé lè bá mi kà á: Agbóhùnmi. Bàbá tí etí rẹ̀ wúwo sí ariwo ọjà, sí àríwísí, sí ọ̀rọ̀ yẹtí, tí ó sì ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ìyàwó kan tí kò ní ohùn. Ẹ kò jẹ́ kí n kéré nílé yín. Agbóhùnmi, mo dúpẹ́. Agbóhùnmi, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbójú sókè.

Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́, kí ọ̀nà yín má ní òkúta. Ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n gbé ẹ̀yin náà bí ẹ ṣe gbé gbogbo ìlú. Sùn re o, Ajínukọ̀ tí ìyáálé mi ń pè. Sùn re o, Bàbá ọkọ mi. Sùn re o, Agbóhùnmi.

Ó ti wọ̀, Bàbá.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó yín láti Komu.